Canal+ ti gba DStv: níbo ni ọ̀rọ̀ náà fi Yorùbá Àjàṣẹ́, Kétu àti Sábẹ̀ sí?

Láti ọjọ́ 22 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, ọwọ́ ẹnì kan náà ni àpótí Canal+ tó wà ní pálọ̀ wa ní Àjàṣẹ́ àti àpótí DStv tàbí GOtv tó wà ní pálọ̀ àwọn ẹbí wa ní Ìmẹ̀kọ, Ìdí-Ìrókò àti Èkó wà. Ọjọ́ náà ni Canal+ ti ilẹ̀ Faransé gba àkóso MultiChoice, ilé iṣẹ́ South Africa tó ni DStv. Oníbàárà àwọn méjèèjì papọ̀ lé ní mílíọ̀nù 40, ní orílẹ̀-èdè tó sún mọ́ 70. Nígbà tí ìròyìn náà jáde, ọ̀rọ̀ owó àti ọjà ìpín ìdókòwò ni wọ́n sọ nípa rẹ̀ jù. Àwa tí à ń sọ Yorùbá ní Benin ní ìdí tiwa láti fetí sí i. Àárín ilé iṣẹ́ méjì yìí ni ààlà tó pín wa níyà lórí tẹlifíṣọ̀n ti gbà kọjá láti bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn.

Canal+ bẹ̀rẹ̀ ní Faransé ní oṣù Kọkànlá ọdún 1984. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ó wọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà pẹ̀lú orúkọ Canal Horizons, ó sì gbájú mọ́ àwọn orílẹ̀-èdè tó ń sọ Faransé. Inú M-Net, tẹlifíṣọ̀n olówó oṣù tí wọ́n dá sílẹ̀ ní South Africa ní 1986, ni MultiChoice ti jáde. DStv dé ní 1995, GOtv sì tẹ̀lé e ní 2011 fún àwọn tí ọwọ́ wọn kò ká DStv. Ibi tí Gẹ̀ẹ́sì àti Potogí ti jẹ́ èdè ìjọba ni ó pọ̀ sí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìkíní kì í fi bẹ́ẹ̀ tẹ oko ìkejì. Báyìí ni ìlà tí àwọn amúnisìn fà láàárín Kétu àti Ìmẹ̀kọ ṣe gun orí òrùlé: díìṣì ti Kétu kọjú sí sátẹ́láìtì kan, ti Ìmẹ̀kọ kọjú sí òmíràn, bẹ́ẹ̀ ọjà kan náà ni wọ́n jọ ń ná, ìdílé wọn sì lọ́ mọ́ra.

Kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà èríàlì. Àwọn àgbà Àjàṣẹ́ á rántí: ẹni tó bá gbé èríàlì sórí ọ̀pá gíga tó yí i sí ìlà-oòrùn ń rí NTA, ó ń rí OGTV ti Abẹ́òkúta, ó ń wo eré Yorùbá àti ìròyìn Yorùbá láìsan fàráǹkì kan. Àwòrán inú afẹ́fẹ́ kò dúró lẹ́nu ibodè. Ìgbà tí sátẹ́láìtì dé, tó lè rán àwòrán sí ìdajì Áfíríkà lẹ́ẹ̀kan náà, ni ààlà wá le gan-an, torí káàdì inú àpótí ló ń sọ ẹni tó lè wò àti ẹni tí kò gbọ́dọ̀ wò. Ẹ̀rọ tó lágbára jù lọ ni ó ya wá sọ́tọ̀ jù lọ.

Ní 2010, MultiChoice dá ìkànnì Africa Magic Yoruba sílẹ̀: eré, fíìmù àti ètò ní èdè wa, láti òwúrọ̀ di alẹ́. Àwọn ará Ìmẹ̀kọ lè san owó oṣù kí wọ́n sì máa wò ó. Ará Kétu kò lè rí i nínú ohun tí Canal+ ń tà fún un. Èyí tí wọ́n fún ìhà Faransé ni Nollywood TV, tó ń gbé fíìmù Nàìjíríà jáde lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi ohùn Faransé rọ́pò ohùn àwọn òṣèré. Ó dára fún àwọn ará Dakar àti Abidjan, mi ò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìyá àgbà kan ní Sábẹ̀ tí kò rí ilé ìwé lọ: obìnrin tó wé gèlè bíi tirẹ̀, tó jókòó nínú àgbàlá tó jọ àgbàlá rẹ̀, ń sọ̀rọ̀ lójú rẹ̀, kò sì gbọ́ nǹkan kan. Ọmọ-ọmọ ló ń túmọ̀ fún un. Ohun tí ó dùn mí jù lọ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn.

Àwọn ilé kan wá ọ̀nà àbùjá. Wọ́n ra àpótí láti Nàìjíríà, wọ́n kọjú díìṣì sí ibi tó yẹ, wọ́n sì ní kí ẹbí kan lọ́hùn-ún máa bá wọn san owó oṣù ní náírà. Kò bófin mu, torí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń ta ẹ̀tọ́ ìgbéjáde fún. Ẹni tó ni eré bọ́ọ̀lù tàbí fíìmù ń ta ti Nàìjíríà lọ́tọ̀, ó ń ta ti Benin lọ́tọ̀, àpótí tó bá sọdá sì ti kúrò níbi tí wọ́n tà á fún. Síbẹ̀, ẹni tó bá mọ ìrìn Ìgólò àti Sẹ̀mẹ̀ mọ̀ pé ohun tí ènìyàn bá fẹ́ gidigidi á rí ọ̀nà kọjá. Náírà fúnra rẹ̀ sì wá dá kún un.

Ọ̀rọ̀ náírà yìí gba àlàyé, torí òun ló jẹ́ kí a mọ ìdí tí Canal+ fi jẹ́ ẹni tó ra, tí MultiChoice fi jẹ́ ẹni tí wọ́n rà. Tẹlifíṣọ̀n olówó oṣù ń gba owó kékeré lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ní owó ilẹ̀ wọn, ṣùgbọ́n owó ńlá tó ń san fún bọ́ọ̀lù, fíìmù Amẹ́ríkà àti sátẹ́láìtì, dọ́là àti yúrò ni. Sẹ́fà tiwa so mọ́ yúrò: yúrò kan jẹ́ 655.957, kò sì tíì yí padà láti 1999. Nítorí náà, nígbà tí Canal+ bá gba 5,000 fàráǹkì ní Kútọ̀nù, ó mọ iye tí yóò jẹ́ ní Paris lónìí, ó sì mọ iye tí yóò jẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má rò pé mò ń yin sẹ́fà. Àríyànjiyàn lórí owó yẹn gbòòrò ju ohun tí mò ń sọ níbí lọ. Àǹfààní tó ṣe fún ilé iṣẹ́ Faransé ni mò ń tọ́ka sí.

MultiChoice kò ní irú ààbò yẹn. Nàìjíríà jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ọjà rẹ̀ tó tóbi jù. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, ìjọba Nàìjíríà jọ̀wọ́ náírà sílẹ̀ fún ọjà. Dọ́là kan tó ń lọ ní nǹkan bí 460 náírà ní owó ìjọba di bí 1,500 ní ọdún tó tẹ̀lé e. Owó tí MultiChoice ń gbà ní Nàìjíríà wá di ìdámẹ́ta ohun tó jẹ́ tẹ́lẹ̀ tí wọ́n bá ṣẹ́ ẹ sí dọ́là, gbèsè bọ́ọ̀lù kò sì dín. Ó gbé owó lé owó. Ní oṣù Kẹta ọdún 2025, bùkéè Compact ti DStv, ìyẹn àkójọ ìkànnì tí wọ́n ń tà pọ̀, kúrò ní 15,700 náírà ó di 19,000. Bí wọ́n ṣe ń gbé e sókè ni àwọn ènìyàn ń pa àpótí wọn tì. Láàárín ọdún ìṣirò méjì tó parí ní oṣù Kẹta ọdún 2025, oníbàárà mílíọ̀nù 2.8 ló kúrò, ó ku mílíọ̀nù 14.5. Ìwé ìṣirò ọdún tó ṣáájú ti fi hàn pé gbèsè ilé iṣẹ́ náà ti pọ̀ ju ohun ìní rẹ̀ lọ.

Ẹni tó wà ní ìhà tiwa rí òdì kejì rẹ̀. Iye náírà sí sẹ́fà já wálẹ̀ ju ìdajì lọ, tó bẹ́ẹ̀ tí 19,000 náírà tí ará Ìbàdàn ń ké lé lórí kò fi tó 8,000 fàráǹkì lọ́wọ́ ará Àjàṣẹ́. Ìyà tó ń jẹ oníbàárà lápá kan sọ nǹkan kan náà di ọ̀pọ̀ lápá kejì.

Canal+ kò sáré rárá. Láti 2020 ló ti ń ra ìpín MultiChoice díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ìpín rẹ̀ kọjá ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún ní oṣù Kejì ọdún 2024, òfin South Africa sọ pé ó ti di dandan kó fi owó lọ gbogbo àwọn onípìn-ín yòókù. Ó kọ́kọ́ pe 105 ránǹdì fún ìpín kan, MultiChoice ní ó kéré, ó wá gbé e dé 125. Ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn, Canal+ kúrò lábẹ́ Vivendi, ilé iṣẹ́ Faransé tó ni ín tẹ́lẹ̀, ó sì wọ ọjà ìpín ìdókòwò London. Ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ ìdíje òwò ní South Africa fọwọ́ sí i ní oṣù Keje ọdún 2025. Òfin ibẹ̀ kò gbà kí àjèjì ní ju ìdá 20 àṣẹ ìdìbò lọ nínú ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n, nítorí náà wọ́n yọ ìwé àṣẹ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ sọ́tọ̀ sínú ilé iṣẹ́ mìíràn tó wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ibẹ̀.

Ẹ kíyè sí ohun tí South Africa rí gbà kó tó fọwọ́ sí i. Wọn kò ní dá òṣìṣẹ́ dúró nítorí ìdàpọ̀ náà fún ọdún mẹ́ta. Owó tó tó bílíọ̀nù 26 ránǹdì láàárín ọdún mẹ́ta ni wọ́n ṣèlérí fún fíìmù, eré ìdárayá àti àwọn oníṣòwò ilẹ̀ náà. Ìjọba ibẹ̀ jókòó, ó béèrè, wọ́n sì fún un. Màá padà sórí èyí.

Ta ló wá kù tó lè bá Canal+ díje ní ọ̀dọ̀ wa? StarTimes ti ilẹ̀ Ṣáínà ni àkọ́kọ́. Ó rọ́nà wọlé nígbà tí gbogbo ayé ń kúrò lórí tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ bọ́ sórí ti òǹkà. Àdéhùn tí wọ́n ṣe ní Geneva ní 2006 fi ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà ọdún 2015 sí gbèdéke, ọ̀pọ̀ ìjọba Áfíríkà kò sì rówó ra ẹ̀rọ. StarTimes dé pẹ̀lú ẹ̀rọ àti owó yíyá láti Ṣáínà. Lẹ́yìn ìpàdé Ṣáínà àti Áfíríkà ní Johannesburg ní oṣù Kejìlá ọdún 2015, ó bẹ̀rẹ̀ ètò kan tó fẹ́ gbé tẹlifíṣọ̀n sátẹ́láìtì dé abúlé 10,000 ní orílẹ̀-èdè tó lé ní 20, ó sì gbé ẹ̀rọ tó ń fi oòrùn ṣiṣẹ́ dání. Owó rẹ̀ kéré. Ó ní ìkànnì Yorùbá kan, Orisun, tó ń gbé jáde ní Nàìjíríà. Bọ́ọ̀lù tí àwọn ọ̀dọ́ ń pariwo lé lórí ni kì í sábà sí lọ́wọ́ rẹ̀, bọ́ọ̀lù ló sì ń mú kí wọ́n ra àpótí.

Èkejì yà mí lẹ́nu, inú mi sì dùn sí i: New World TV, ilé iṣẹ́ ọmọ Togo láti Lomé. Òun ló gba ẹ̀tọ́ Ife Àgbáyé 2022 fún àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó ń sọ Faransé ní gúúsù Sàhárà. Lẹ́yìn náà ó gba Euro 2024, ó sì bá CAF, àjọ bọ́ọ̀lù Áfíríkà, ṣe àdéhùn lórí Ife Áfíríkà tí wọ́n gbá ní Côte d'Ivoire. Canal+ ní láti lọ bá a ṣe àdéhùn kí oníbàárà rẹ̀ tó lè wo Ife Àgbáyé. Nígbà tí Benin lé Morocco jáde pẹ̀lú pẹnáritì ní ọjọ́ 5 oṣù Keje ọdún 2019 nínú Ife Áfíríkà, gbogbo ìlú ló ń wá ibi tí wọ́n ti lè wò ó, àwọn ilé fídíò kún àkúnya. Ẹni tó bá ni ẹ̀tọ́ irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ló ni ojú gbogbo orílẹ̀-èdè. Ilé iṣẹ́ Lomé ti fi hàn pé kì í ṣe Paris nìkan ló lè ni ín.

Ṣùgbọ́n ibí gan-an ni ìdàpọ̀ yìí ti ń kọ mí lóminú. Tẹ́lẹ̀, tí UEFA tàbí FIFA bá fẹ́ ta ẹ̀tọ́ ìgbéjáde ti Áfíríkà, Canal+ ń dúró fún ìhà Faransé, SuperSport ti MultiChoice ń dúró fún ìhà Gẹ̀ẹ́sì, àpò ẹnì kọ̀ọ̀kan sì ní ìwọ̀n. Báyìí àpò méjèèjì ti di ọ̀kan. Ó lè bẹ̀bẹ̀ kí iye bọ́ọ̀lù dín kù fún òun, kò sì sí ohun tó fi dandan lé e pé kó dín in kù fún wa. New World TV yóò máa bá ẹni tó tóbi ju ti àtẹ̀yìnwá lọ du nǹkan kan náà.

Ẹ jẹ́ ká wo owó náà láti inú ilé. Owó oṣù tó kéré jù tí òfin Benin gbà jẹ́ 52,000 fàráǹkì láti oṣù Kìíní ọdún 2023. Access, bùkéè tó kéré jù lọ́wọ́ Canal+, ti wà ní 5,000 fún ọdún púpọ̀. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdámẹ́wàá owó òṣìṣẹ́, a ò sì tíì ka iná SBEE. Ìdí nìyẹn tí àwọn ènìyàn fi ń san án bí ìgbà ṣe ń yí: wọ́n á fi MoMo san nígbà tí Champions League bá gbóná, wọ́n á jẹ́ kí ó kú nígbà tí owó ilé ìwé bá dé. Àpótí fúnra rẹ̀ máa ń pọ̀ ní ẹ̀dínwó nígbà ìdíje ńlá. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn tàn yín. Owó tí ẹ ó máa san lóṣooṣù lẹ́yìn rẹ̀ ni kí ẹ fi ṣe ìṣirò.

Ẹnì kẹta tó ń bá Canal+ díje kò ní ọ́fíìsì ní Kútọ̀nù: fóònù ni. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe fíìmù Yorùbá ní Nàìjíríà ló ń gbé e sórí YouTube lọ́fẹ̀ẹ́ báyìí, wọ́n ń rí owó láti inú ìpolówó. YouTube kò béèrè bóyá Kétu lo wà tàbí Ìmẹ̀kọ. Fún ẹni tó fẹ́ gbọ́ èdè rẹ̀, òun ló dá ohun tí èríàlì ń ṣe padà, àfi pé dátà ń jẹ owó. Ìjọba mọ bí ọ̀rọ̀ dátà ṣe ká àwọn ènìyàn lára: ní 2018, nígbà tí wọ́n gbé owó orí 5 fàráǹkì lé mẹ́gábáìtì kọ̀ọ̀kan lórí àwọn ìkànnì bíi Facebook àti WhatsApp, ariwo àwọn ọ̀dọ́ mú kí wọ́n yọ ọ́ kúrò ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà. Celtiis tó wọ ọjà ní 2022 láti bá MTN àti Moov díje ti fi kún ohun tí a lè yàn. Canal+ pàápàá ti rí ibi tí ojú àwọn ènìyàn ń lọ: ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, ó kéde pé Netflix yóò wọ inú àwọn bùkéè òun ní orílẹ̀-èdè 24 tó ń sọ Faransé ní Áfíríkà. Ìyá àgbà Sábẹ̀ tí mo sọ níṣàájú kò ní fóònù ńlá, tẹlifíṣọ̀n ni tirẹ̀.

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ kí a béèrè ṣe kedere: kí Africa Magic Yoruba wọ Benin, kó sì wọ inú bùkéè tó kéré jù, kì í ṣe èyí tó wọ́n. Àwíjàre àtijọ́ ni pé ilé iṣẹ́ mìíràn ló ni ín. Canal+ ló ni ín báyìí. Àdéhùn lórí fíìmù kan lè má kọjá Nàìjíríà, wọ́n á ní láti tún ìyẹn ṣe, ṣùgbọ́n kò le tó ti bọ́ọ̀lù tó wà lọ́wọ́ UEFA. Canal+ kò sì lè sọ pé òun kò mọ iyì èdè ìbílẹ̀. Ó ní Sunu Yeuf ní Wolof fún Senegal, ó ní Maboke TV ní Lingala fún àwọn ará Congo, ó ra Zacu ti Rwanda tó ń ṣe eré ní Kinyarwanda. Ní 2019, ó ra ROK, ilé iṣẹ́ fíìmù Nàìjíríà, lọ́wọ́ IROKO. Ó mọ ibi tí owó wà. Bóyá ó mọ̀ pé Yorùbá kò parí sí ibodè ni èmi ń béèrè.

Àwọn kan á ní tẹlifíṣọ̀n ìjọba ń ka ìròyìn ní Yorùbá. Òótọ́ ni, mo sì dúpẹ́ fún un. Ìṣẹ́jú díẹ̀ láàárín ọ̀pọ̀ èdè ni, kò lè ṣe iṣẹ́ ìkànnì odindi.

South Africa béèrè, ó sì rí gbà. Àwa ńkọ́, ta ni a ó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀? HAAC, tí òfin ìpìlẹ̀ 1990 dá sílẹ̀, ló ń bójú tó rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ní Benin. Àwọn aṣòfin wa láti ẹkùn Plateau, láti Ouémé àti láti Collines lè gbé e kalẹ̀ níbẹ̀. ECOWAS náà ní ilé iṣẹ́ tó ń rí sí ìdíje òwò ní Gambia, tí àṣẹ rẹ̀ láti yẹ ìdàpọ̀ àwọn ilé iṣẹ́ wò bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024. Ghana ti dá a gbìyànjú: ní 2025, mínísítà ìbánisọ̀rọ̀ wọn, Samuel Nartey George, halẹ̀ pé òun á gba ìwé àṣẹ DStv tí wọn kò bá dín owó kù. Owó kò dín, ṣùgbọ́n láti oṣù Kẹwàá wọ́n fi ìkànnì kún ohun tí oníbàárà ń rí ní iye kan náà. Ìkànnì ni àwa náà ń béèrè, a ò tíì dé orí owó.

Nígbà tí ilé iṣẹ́ méjì bá dàpọ̀, wọ́n máa ń tú gbogbo bùkéè palẹ̀ láti tún un tò: èyí tí wọ́n máa pa, èyí tí wọ́n máa gbé kọjá ààlà, èyí tí wọ́n máa fi sí ìpele òkè. Kí HAAC béèrè nígbà tí wọ́n ṣì ń tò ó, kí Africa Magic Yoruba lè ní nọ́ńbà nínú Access ti Benin.